Orúkọ Tí Fọláránmi Kọ Sórí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó wá bá mi nílé ní Ìkàrẹ́ lọ́sàn-án Sátidé kan, mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ó ní, "Kọ ọ́ bó ṣe rí, má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi 'èmi' kọ ọ́ o. Ojú á tì mí jù." Mo ní kò burú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kì í ka nǹkan mìíràn nínú ìwé ìròyìn yìí àfi ojú ewé àwọn tó ṣìṣe, ẹ fún mi létí. Ẹnu ẹni tó ni ọ̀ràn ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Tèmi ni kí n tò ó, kí n sì rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín bá ti yẹ.

Fọláránmi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Òkè-Ọ̀kà ni, ó ṣiṣẹ́ ní káńsù fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó fẹ̀yìn tì, ó ń gbé Ìkàrẹ́ pẹ̀lú Mọ́júbọ́lá ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí kì í gba ìranù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Kò mutí. Kò kó obìnrin. Kò kówó ìjọ jẹ rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré báyìí ló gbé e ṣubú: ó ní òun wà níbi tí òun ò sí.

Ibẹ̀ la ń pè ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Àpáta ni o. Ó wà lẹ́yìn ilé ìwé kan ní Òkè-Ọ̀kà, òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, téèyàn bá jókòó síbẹ̀, á máa wo títì bó ṣe ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìwàrọ̀. Lọ́dún 1985, àwọn ọmọ mẹ́fà sọ ọ́ di tiwọn, obìnrin méjì, ọkùnrin mẹ́rin. Kò sí bàbá ẹnì kankan nínú wọn tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni wọ́n bá sọ àpáta ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ilé ìwé bá ti pa, ibẹ̀ ni. Ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde tí ìjọ bá jáde lọ sí Gálílì, ibẹ̀ ni. Wọ́n ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n máa ń sá bátìrì rẹ̀ sóòrùn kó lè tún kọrin díẹ̀ sí i. Wọ́n ń jẹ guguru àti ẹ̀pà, wọ́n ń ta káàdì wọ́ọ̀tì, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní ijó. Àwọn àgbà ní ilé èṣù ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí àgbà bá ti pè ní ilé èṣù, ibẹ̀ lọmọdé ń fẹ́ wọ̀.

Ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí títì, àwọn ọmọ mẹ́fà yìí bu èyí tó ṣẹ́ kù sínú agolo mílíìkì, wọ́n gbé e gòkè, oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ sára àpáta tó dúró gbagidi lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń jókòó. Orúkọ mẹ́fà ní ìlà kan, látòkè dé ìsàlẹ̀.

Orúkọ Fọláránmi ò sí níbẹ̀. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀, pàṣán sì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ àpáta ni Fọláránmi máa ń gbà kọjá lọ pọn omi nídìí tápù. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lókè, á gbé garawa rẹ̀, á kọjá.

Ìyẹn ti lé lógójì ọdún. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àfi bí ẹnì kan ní Èkó ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wasáàpù, ó pè é ní "Ọmọ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́". Kí oṣù tó parí, wọ́n ti di èèyàn mẹ́tàlélógóje. Ẹ̀yin ará, mo ti lọ wo àpáta yìí fúnra mi. Tí ẹni keje bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, ẹnì kan ní láti dìde. Èèyàn mẹ́tàlélógóje! Gbogbo wọn ni wọ́n sì ń rántí.

Àwọn tó ni Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gan-an wá ńkọ́? Kamaldeen gba ọ̀nà Líbíà lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ismaheel ti kú. Olúyọmí wà ní Amẹ́ríkà, kì í kọ ju "Àmín" lọ. Tẹjúmádé ti di ìyàwó pásítọ̀ ní Àkúrẹ́, ó ní òun ò mọ àpáta kankan láyé òun. Bridget ń ta gààrí àti epo ní Ìpè, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò, Wasáàpù kan ò sí lórí ẹ̀. Ẹni kẹfà ni Zachariah, tí wọ́n ń pè ní Zaki. Ó ti kú láti ọdún 1999.

Ẹ rí i bí àyè ṣe ṣófo. Fọláránmi náà rí i.

Ó ti fẹ̀yìn tì, kò rí nǹkan ṣe. Ó jókòó sí fàráńdà lọ́jọ́ kan, ẹnì kan kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé, "Ta ló rántí Gálílì ọdún 1985?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Fọláránmi wo ojú fóònù títí. Ó ní nǹkan kan kàn ń yún òun lọ́wọ́ ni.

Ó kọ ọ́ pé: "Mo rántí bí ẹni pé àná ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní Zaki ló gbé rédíò lórí gòkè, ó ní aago ìjọ ń dún nísàlẹ̀, Zaki sì ń jó sí i, ó ní nígbà tí àwọn alàgbà dé ìdí àpáta pẹ̀lú igi lọ́wọ́, Zaki ló kó gbogbo wọn gba inú igbó sá lọ. "Zaki ni ọ̀gá wa," ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "èmi ni igbákejì rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ní, "Óò! Mo rántí! Èmi ni mo ṣubú!" Orí Fọláránmi wú. Lọ́jọ́ kejì ó kọ òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, kí ó tó fọ ẹnu, wọ́n ti ń béèrè pé, "Ìtàn òní dà?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi í jẹ Alága.

Zaki ló máa ń fi ṣe ọ̀gá nínú gbogbo ẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ó ti kú. Kò lè já mi nírọ́."

Kò rántí pé òkú máa ń bímọ sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìwé wọlé fún un, kì í ṣe nínú ẹgbẹ́, òun nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹwàolúwa lorúkọ mi. Èmi lọmọ Zachariah. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí wọ́n sin bàbá mi. Mi ò mọ̀ wọ́n rárá, àwọn ìtàn yín ni mo fi ń mọ̀ wọ́n."

Ògbàgì lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí. Nígbà tí ó ṣì kéré, ìjì ṣí òrùlé ilé wọn, òjò wọ inú àpótí tí gbogbo nǹkan bàbá rẹ̀ wà: ìwé, lẹ́tà, fọ́tò. Gbogbo ẹ̀ di ẹ̀kọ. Ọmọ yìí ò rí ohun kan báyìí tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ rí.

"Ẹ sọ ọ́ nínú ìtàn kan pé wọ́n kọ orúkọ wọn sára àpáta. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀, sà? Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án ni. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

Fọláránmi dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ó wà níbẹ̀ digbí, ọmọ mi. Tèmi náà wà níbẹ̀, ìlà kan náà."

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè tiẹ̀ o! Mo ní, "Fọláránmi, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Ó ní ọ̀rọ̀ náà kàn já bọ́ lẹ́nu òun ni.

Ẹwàolúwa ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde. "Ẹ máa mú mi dé ibẹ̀, Dádì." Ẹ gbọ́, ó ti di Dádì. Ẹgbẹ́ gbọ́ ọ, ni wọ́n bá ní àwọn náà ń bọ̀, kí gbogbo ọmọ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì padà sílé. "Alága á fi orúkọ rẹ̀ hàn wá!"

Mọ́júbọ́lá gbọ́ ibi tó ti ń fi ohùn ránṣẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ léra.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo lo gùn? Ìwọ tí o sọ fún mi pé bàbá rẹ ò jẹ́ kí o jáde ju ìdí tápù lọ?"

"Eré lásán ni. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni."

"Àwọn yẹn ń ṣeré. Ọmọ òkú ò ṣeré. Pe ọmọ yẹn, kí o sọ òtítọ́ fún un."

"Mà á sọ."

"Nísinsìnyí."

Ó gbé fóònù lóòótọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Ọmọ mi, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ…" Kó tó fi ránṣẹ́, ti Ẹwàolúwa ti wọlé: "Dádì, mo sọ nípa yín fún màmá mi. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ṣì kù láyé." Fọláránmi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì pa èyí tó tẹ̀ rẹ́.

Ibí yìí ni inú bí mi sí i jù, mo sì sọ fún un lójú ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó bọ́!

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ó bọ́ sọ́jà Ìkàrẹ́, ó ra ọ̀dà dúdú agolo kékeré kan, ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé, ó ra búrọ́ọ̀ṣì onírin tí àwọn wẹ́dà fi ń ha ìpẹtà. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ọ̀kà. Ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun.

Kò gun àpáta yẹn rí láyé rẹ̀. Iwájú ló dojú kọ, ó ń fọwọ́ wá ibi dídìmú bí aláǹgbá. Orúnkún rẹ̀ ń dún. Ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí. Ẹni tí àwọn èèyàn mẹ́tàlélógóje ń pè ní igbákejì ọ̀gá Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń rá kòrò lọ sókè, agolo ọ̀dà wà nínú ọ̀rá lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ó jókòó. Ó wo títì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìwàrọ̀. Ó ní inú òun dùn dé ibi tí òun ò lè sọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta jókòó síbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń jókòó, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ká ní ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, kò bá ti sí ọ̀rọ̀. Ó yíjú sí orúkọ.

Òjò ogójì ọdún ti jẹ wọ́n. Mẹ́rin láàárín ṣì ṣeé kà: Bridget, Ismaheel, Olúyọmí, Tẹjúmádé. Èyí tó wà lókè pátápátá ti parẹ́ tán, ìlà bíi mélòó kan ló kù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tún burú jù bẹ́ẹ̀. Láti ibi tó parí sí, ilẹ̀ ló kù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ewédò ti bò ó. Ẹ̀gbẹ́ òsì ti là. Kò sí àyè fún orúkọ keje.

Fọláránmi dúró, ó rò ó. Méjì tí kò ṣeé kà ni ti Zaki àti ti Kamaldeen. Èwo ni tèwo? Ó ní kò le. Ọ̀gá ní í wà lókè. Zaki sì ni ọ̀gá.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi Zaki jọ̀gá? Òun náà ni! Ó pa irọ́ tán, ó wá lọ bá irọ́ rẹ̀ gba ìmọ̀ràn.

Ó ní, "Kamaldeen, má bínú. Ìwọ lo lọ sí Líbíà." Ó kúnlẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ti ìsàlẹ̀ kúrò, ó ha á títí ara àpáta fi funfun. Ó kọ FOLA sí i. Ó bu iyanrìn, ó fi pa á kó lè dà bí ohun àtijọ́. Nígbà tó délé, Mọ́júbọ́lá rí ọ̀dà léèékánná rẹ̀.

"Kí lo lọ kùn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ń kun wíńdò."

Mọ́júbọ́lá gbé kẹrosíìnì àti àkísà síwájú rẹ̀. Fọláránmi ní ìyẹn dun òun ju èébú lọ.

Mọ́ńdè Àjíǹde pé. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ́ ló dé, wọ́n wọ fìlà pupa tí wọ́n kọ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí. Bí wọ́n ṣe rí bí àpáta náà ṣe ga tó, àwọn mẹ́tàdínlógún rántí pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Àwọn mọ́kànlá tó kù ń wo ojú ara wọn.

"Alága, ẹ ṣíwájú o."

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀nà, àbí ẹ ò mọ̀nà?"

"Ó ti pẹ́ ni o, Alága. Ó ti pẹ́."

Ẹwàolúwa dé pẹ̀lú ọ̀kadà méjì. Ó wà lórí ọ̀kan. Obìnrin dúdú kan tó sanra, tó ró ìró mọ́ ìdí gírígírí, wà lórí ìkejì. Fọláránmi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

"Dádì, mo bá yín rí ẹnì kan!" Ẹwàolúwa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rí orúkọ wọn nínú ìtàn yín, mo ń béèrè kiri títí mo fi dé Ìpè. Màámi Bridget nìyí. Mo ní kí inú yín dùn."

Inú Fọláránmi dùn gan-an ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé òógùn bò ó.

Bridget wo gbogbo àwọn onífìlà pupa láti ọ̀kan dé èkejì. Ó ní, "Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún fìlà wọn dé. Ó pòṣé, ó gbá ìró rẹ̀ mú, kò tilẹ̀ wo iwájú àpáta. Ẹ̀yìn ló gbà. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ láàárín koríko, ó rọrùn bí àtẹ̀gùn. Kí Fọláránmi tó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti gbé lé iwájú àpáta, ìyá gààrí ti wà lókè, ó ń pè wọ́n.

Bí wọ́n ṣe gòkè tán, Fọláránmi sáré síwájú kí ẹnì kankan tó lanu. "Ọmọ mi, wá. Wò ó. Orúkọ bàbá rẹ nìyẹn, lókè pátápátá. Ọ̀gá wa!"

Ẹwàolúwa na ọwọ́ sókè, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn ìlà dúdú yẹn. Ó ní, "Bàbá mi." Ó gbé iwájú orí tì í, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn onífìlà yọ fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń sunkún.

Bridget ní, "Dúró ná. Kí lo fọwọ́ kàn yẹn? Ti Kamaldeen nìyẹn."

"Rárá o, Bridget," Fọláránmi dá a lóhùn. "Ọ̀gá ló wà lókè. Zaki ni."

"Zaki? Ọ̀gá?" Bridget bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ikùn wá. "Zaki tí a máa ń rán lọ ra guguru! Zaki tó ń bá wa gbé bátìrì sóòrùn! Òun ló kéré jù nínú wa. Kamaldeen lẹ̀gbọ́n gbogbo wa, òun ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ọ̀dà. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Bí a ṣe dàgbà tó la ṣe kọ ọ́. Àbí ẹ ti rí ibi tí ọmọdé ti ń ṣíwájú àgbà bu ọwọ́ sáwo rí? Ìgbà tó fi máa kan Zaki, àpáta ti tán. Ó ní láti kúnlẹ̀ kó tó rí tiẹ̀ kọ. À ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo ojú bá ìka rẹ̀ lọ sílẹ̀.

FOLA.

Àpáta funfun yí i ká níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ti ha á. Ẹwàolúwa kúnlẹ̀. Ó fi èékánná kan ọ̀dà náà, ó rọ̀, ó ṣí. Ó gbé ìka rẹ̀ sí imú.

Bridget ní, "Ta ń jẹ́ Fọlá? A ò ní Fọlá nínú wa."

Àwọn onífìlà bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ọ̀run. Ẹnì kan ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Alága wa ni."

Bridget wo Fọláránmi, ó tún un wò, ó sì pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọmọ Katikíìsì! Ìwọ? Ìwọ tí ò gun ibí yìí rí láyé ẹ?"

Ni ọ̀kan nínú àwọn onífìlà bá fò sókè. "Mo ti ń fura sí i tipẹ́! Mo ní mi ò rántí ojú ẹ̀! Elékèé! A ò rí i níbí láyé ọjọ́un!"

Bridget yíjú sí i. "Ìwọ náà, ta ni ẹ́?"

Ọkùnrin yẹn jókòó.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Fọláránmi ò tó oṣù márùn-ún. Ó ní ká ní Ẹwàolúwa gbá òun létí, ì bá sàn. Ọmọ náà ò pariwo. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí.

"Sà, ṣé ó ṣì hàn díẹ̀, kí ẹ tó ha á?"

"Díẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí?"

Fọláránmi ní, "Mi ò wò ó dáadáa."

Ẹwàolúwa dìde, ó gbọn iyanrìn lórúnkún, ó bá ọ̀nà ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Kò dágbére. Bridget tẹ̀ lé e, ó ń pe orúkọ rẹ̀.

Kí Fọláránmi tó dé Ìkàrẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Ọkùnrin tó fò sókè yẹn ni Alága báyìí. Mo gbọ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Fọláránmi ò fi jáde nílé. Kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́júbọ́lá ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń gbé àwo padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹwàolúwa ni. Mọ́júbọ́lá gbé àga fún un, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí ibi gbà jáde.

Fọláránmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó lè bí. Ọmọ náà ní, "Ẹ dìde, sà. Mi ò wá gba ẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo mú wá. Nínú gbogbo ìtàn tí ẹ sọ fún mi nípa bàbá mi, èwo ló ṣẹlẹ̀?"

Ó rò ó. Rédíò tó gbé lórí? Rárá. Ijó tó ń jó sí aago ìjọ? Rárá. Sísá gba inú igbó? Rárá. Ó ń ka ìka, kò sì rí ọ̀kan tẹ̀.

"Kò sí," ó ní. "Kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn."

Ẹwàolúwa mi orí, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mi ò kọ," ni Fọláránmi wí.

Ọmọ náà dúró.

Ó ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Òun wà nídìí tápù, omi ò tíì dé, èèyàn tò lọ rẹrẹ. Zaki sọ̀ kalẹ̀ láti orí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣòkòtò rẹ̀ ní àbùlẹ̀ méjì, ó mú mángòrò kan lọ́wọ́, ó ti gé ẹ̀gbẹ́ kan jẹ. Òun fi ọdún kan jù ú lọ, nítorí náà Zaki tẹrí ba díẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ó fi ẹnu Ọ̀kà sọ ọ́ pé, "Bọ̀ọ̀dá Fọlá, ẹ máa bọ̀ lókè. Gbogbo ìgbà là ń rí i tí ẹ ń wòkè. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá pè yín."

"Ẹ wá lọ?" Ẹwàolúwa béèrè.

"Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà lórí ìlà. Mo pariwo kó lè gbọ́. Mo ní, 'Èmi kì í bá ọmọ èṣù rìn!'"

"Kí ni bàbá mi wá ṣe?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé mángòrò náà lé orí ìdérí garawa mi, ó ní tó bá wù mí lọ́la, kí n súfèé. Ó padà gòkè. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí mọ́, mo jẹ ẹ́."

Mọ́júbọ́lá ti bo ojú lẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ ọ rí.

Ẹwàolúwa tún jókòó. "Báwo ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó máa ń fi ọwọ́ bo eyín iwájú. Ọ̀kan ti kán."

Ọmọ náà gbé ọwọ́ sí ẹnu ara rẹ̀, ó gbé e kúrò. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kọ èyí fún mi?"

"Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni mo wà nínú ẹ̀."

Ẹwàolúwa ní, "Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín nísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà yìí, ẹ ní bàbá mi gidi lọ́wọ́. Kí lẹ wá ra ọ̀dà fún?"

Fọláránmi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, kò tíì rí i. Ó ní bóyá ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á á bá òun rí i.